Ilẹ̀ Àbújá kò mọ pèrègún: bí ẹ ṣe lè fi owó sórí ilẹ̀ àti ilé níbí

Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí. Nílé wa, bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé níbo ni ilẹ̀ bàbá rẹ̀ parí sí, kò ní wọ yàrá lọ mú ìwé. Ọwọ́ ló máa nà: "Láti ìdí pèrègún yẹn títí dé ara ọ̀pẹ tó tẹ̀ lọ́hùn-ún." Ó parí. Bí ìjà bá dé, wọ́n á wá ìyá arúgbó kan tó mọ ẹni tó gbin pèrègún náà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọgbọ́n yẹn ni mo dì mọ́ ẹrù wá sí Àbújá lọ́dún 1994, òun náà ló sì gbé owó tí mo kọ́kọ́ fi ra ilẹ̀ níbí lọ.

Pánù àti ìṣó ni mò ń tà ní ọjà Dei-Dei. Mo máa ń rí àwọn tó ń kọ́lé nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rín wá ra pánù. Mo sì máa ń rí àwọn kan nínú wọn nígbà tí wọ́n bá padà wá, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo mọ ẹni tó lè ra pánù àlòkù, nítorí pé wọ́n ti wó ilé náà. Ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ, orí mi ló ti kọjá. Ìdajì yòókù, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí tí mo gbọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀

Ní Àbújá, kò sí ọmọ onílẹ̀ lójú òfin. Mi ò sọ pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ o. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, ń dáko níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ológun ṣòfin lọ́dún 1976 pé ibẹ̀ ni olú-ìlú tuntun máa wà, gbogbo ilẹ̀ náà di ti ìjọba àpapọ̀, òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí gómìnà ṣe ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Kwara, Mínísítà tó ń bójú tó Àbújá ló ń fọwọ́ sí i níbí. Ohun tí wọ́n sì ń fún èèyàn kì í ṣe ilẹ̀ títí láé. Ẹ̀tọ́ láti lò ó fún ọdún 99 ni. Tí ẹni tó ń tà á fún yín bá ti gbà á láti 1989, ẹ yọ ọdún tó ti lò kúrò. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ rà.

Mi ò mọ èyí lọ́dún 2002. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń dá àjọ ló sọ fún mi pé ilẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn Lugbe, lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú, ₦120,000 péré. Mai Anguwa, ìyẹn baálẹ̀ abúlé náà, fúnra rẹ̀ ló tà á. A gbé obì àti páálí ṣúgà lọ, ó ṣàdúrà fún wa lédè Hausa, àwọn àgbà mẹ́ta tẹ ìka sórí bébà tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé. Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí tó ju ti Ọ̀fà lọ ni mo ní. Mo ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gé pèrègún wá fún mi, mo sì gbìn ín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́dún 2005, ògiri tí mo mọ yí i ká ti ga dé èjìká nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, tí mo bá àmì X pupa lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kátápílà dé. Ọ̀nà ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwòrán ìlú Àbújá sì ti wà nílẹ̀ láti 1979, ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó gbé obì lọ. Kò sí gbà-máà-bínú kankan fún mi, nítorí pé mi ò ní ìwé tí ìjọba mọ̀. Ara pèrègún mi ni kátápílà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ilẹ̀ ìdílé wa ni, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Ìwé tí ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀

R of O (Right of Occupancy) ni lẹ́tà tí Mínísítà fi ń sọ pé òun fún ẹnì kan nílẹ̀. C of O (Certificate of Occupancy) ni ìwé ẹ̀rí tó ń tẹ̀ lé e nígbà tí ẹni náà bá ti san gbogbo owó tó yẹ. Àwọn méjèèjì yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé káńsù. Káńsù mẹ́fà ló wà ní Àbújá: AMAC (káńsù àárín ìlú Àbújá), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ìwé wọn pọ̀ lọ́jà ju gàrí lọ. Mi ò ní pe gbogbo rẹ̀ ní ayédèrú, torí mo mọ àwọn tó kọ́lé lórí ìwé káńsù, tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò tó ìwé Mínísítà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní regularisation, èyí tí wọ́n fi ń sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di ojúlówó. Àwọn kan ti tibẹ̀ jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn kan ṣì ń retí. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ Lugbe tàbí Kuje tí owó rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ìwé yìí ló fà á. Kì í ṣe pé ẹni tó ń tà á fẹ́ràn yín.

Ẹ̀kẹta ni ilé inú ẹ́sítéètì. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni ìjọba ti ń fún àwọn iléeṣẹ́ akọ́lé ní ilẹ̀ ńlá kí wọ́n kọ́lé sí i fún títà. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ máa ń gba lẹ́tà iléeṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ gan-an, orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Àbújá bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun pé kí olúkúlùkù tó ní ilé nínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ lè gba ìwé lórúkọ ara rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rà níbẹ̀ báyìí, ẹ bi wọ́n léèrè ní tààrà: ibo ni ẹ bá a dé pẹ̀lú ìwé ti oníkálukú? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dáhùn, kì í ṣe ẹnu.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ààlà ìpínlẹ̀. Mararaba, New Nyanya àti Masaka, Nasarawa ni wọ́n wà. Suleja àti Madalla, Niger ni. Ajẹ́ǹtì á máa pe gbogbo rẹ̀ ní Àbújá nítorí pé mọ́tò kan ṣoṣo lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ wọn ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ibẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má rà níbẹ̀ o, ó ti sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di onílé. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ wá fáìlì Mararaba ní ọ́fíìsì Àbújá.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ gba fọ́tókópì ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Tó bá ní ó dìgbà tí ẹ bá san àsansílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà tirẹ̀, kó gbé e lọ sí AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá. Search ni gbogbo wa ń pè é. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára ohun tó máa kó yín yọ. Ó máa fi orúkọ ẹni tó ni ín hàn, àti nọ́ńbà ilẹ̀ náà, bó ṣe fẹ̀ tó, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, àti bóyá báńkì tàbí kóòtù ti fọwọ́ kàn án.

Ti báńkì yìí ni kí ẹ fetí sí. Oníbàárà mi kan, ará Ìjẹ̀bú, fẹ́ ra ilé ní Gwarinpa. Ìwé tó rí, ojúlówó ni. Ẹni tó ń tà á, òun gan-an ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti múra láti sanwó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyàwó rẹ̀ ló ní àfi kí wọ́n ṣe search. Wọ́n ṣe é, wọ́n rí i pé onílé ti fi ilé náà dúró fún owó tó yá ní báńkì, kò sì tíì san án. Ká ní ó sanwó ni, gbèsè ẹlẹ́gbèsè ni ìbá rà.

Gbèsè kejì ni ground rent, owó ilẹ̀ ọdọọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló ń di sísan, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti rán yín létí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ò ka owó yìí sí. Lóṣù kẹta 2025, ìjọba Àbújá kéde pé àwọn ti fagi lé ìwé ilẹ̀ 4,794 ní Maitama, Asokoro, Wuse, Garki àti àwọn àdúgbò ńlá mìíràn, nítorí pé wọn ò san owó yìí fún ọdún mẹ́wàá sókè. Lóṣù karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé pa, Ààrẹ Tinubu ló dá sí i tó fún wọn ní ọjọ́ 14 sí i. Tí ẹ bá ra ilẹ̀ tó jẹ gbèsè, ọrùn yín ló bọ́ sí.

Lẹ́yìn search, ẹ mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ náà. Kó wá òpó sìmẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n ń pè ní bíkìn, kó ka nọ́ńbà orí rẹ̀, kó sì sọ bóyá ibi tí ẹ dúró sí ni ìwé ń sọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìwé ilẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ajẹ́ǹtì fi hàn wọ́n torí pé ó tẹ́jú ju tiwọn lọ. Ẹ̀yin tó ti Ìbàdàn dé, ẹ gbàgbé àádọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún. Mítà onígun mẹ́rin ni wọ́n ń kà níbí. Pulọ́ọ̀tì àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún tilé jẹ́ nǹkan bíi 465. Bí wọ́n bá ní 300 ni pulọ́ọ̀tì kan, ẹ mọ̀ pé ó dín.

Ẹ má sì ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́, gbogbo ilẹ̀ Àbújá ló dára. Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wọ bàtà tí kò ṣe yín láàánú. Ní Lokogoma àti apá kan Lugbe, àgbàrá òjò ti fi ojú àwọn èèyàn rí nǹkan. Ẹ wo orí òkè náà: ní Guzape àti Katampe, òkúta wà lábẹ́ tó jẹ́ pé owó tí ẹ máa fi fọ́ ọ lè tó kọ́ fúláàtì kékeré níbòmíì. Ẹ wo òkè sánmà pẹ̀lú, bóyá wáyà iná ńlá gba ibẹ̀ kọjá.

Owó sísan

Ajẹ́ǹtì kan á sọ fún yín pé ọwọ́ òun ni ilẹ̀ wà "ní tààrà". Irọ́ ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan. Mo ti rí ibi tí ajẹ́ǹtì méje jókòó yí owó kan ká, tí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an wà ní Kano, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ rí onílẹ̀ lójú-ko-ojú pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí owó sì lọ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé. Owó ajẹ́ǹtì dá yàtọ̀.

Lọ́yà máa kọ deed of assignment, ìwé tó sọ pé onílẹ̀ ti gbé ilẹ̀ náà fún yín, àti power of attorney, ìwé tó fún yín láṣẹ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ká ìwé náà sínú àpótí. Kò tíì parí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní àfi kí Mínísítà fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ lágbájá bọ́ sọ́wọ́ tàmẹ̀dò. Títí ìgbà yẹn, orúkọ ẹni àná ló ṣì wà nínú fáìlì, bó bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè kan ilẹ̀kùn yín.

Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ akọ́lé ló ní kí ẹ máa san díẹ̀díẹ̀ fún ilé tí kò tíì sí nílẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún 2014 mo sanwó fún fúláàtì oníyàrá méjì kan, àwòrán nìkan ni mo rí. Wọ́n ní oṣù 18. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìpìlẹ̀ àti koríko ló wà níbẹ̀. Wọ́n dá owó mi padà níkẹyìn, iye tí mo san gan-an, kọ́bọ̀ kan ò lé. Owó tó tó ra ìdajì ilé lọ́dún 2014, nígbà tó padà dé ọwọ́ mi, bóyá ló tó kan òrùlé. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, àkókò ló jẹ ẹ́.

Kíkọ́lé àti kíkó owó ilé

Ilé tí mo gbára lé báyìí, Kubwa ló wà. Lọ́dún 2010 ni mo ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń fẹ̀yìn tì. Search rẹ̀ mọ́, mo kọ́ yàrá mẹ́rin tí oníkálukú ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ. Láì ka owó ilẹ̀, ó jẹ mí ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ayálégbé sí i, ₦250,000 lẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún, mílíọ̀nù kan péré lápapọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án kí owó kíkọ́ tó padà, tí yàrá kankan ò bá ṣófo, tí páǹpù omi ò bá jó, tí sókàwéè ò bá kún. Gbogbo wọn ló ṣẹlẹ̀. Nínú ọjà pánù mi, owó kan náà ń lọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé máa ń tètè sọni dolówó, ẹ bi í pé ilé mélòó ló ní.

Kí wá ni mo ṣe ń kọ́ ọ? Nítorí pé ọjà pánù ń sinmi nígbà tí ara mi bá ń sinmi, ilé kì í sinmi. Àti nítorí ohun tí ojú wa rí lọ́dún 2024: ẹni tó bá ra sìmẹ́ǹtì nígbà tí àpò kan ṣì jẹ́ bí ₦5,000 ní 2023, tó sì fi kọ́lé, ó ti kọ́ ọ. Lóṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦10,000 lọ́pọ̀ ibi. Ilé tó ti dúró kò mọ̀ pé owó ti yí padà.

Èyí náà ló fi jẹ́ pé ìkìlọ̀ mi nípa kíkọ́lé kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má gbẹ́lẹ̀ bí owó yín ò bá dé òrùlé. Òjò ọdún méjì lórí búlọ́ọ̀kù tí kò ní pánù, mo máa ń rí i, ó ń dùn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo máa ta pánù náà. C of O sì máa ń fúnni ní ọdún méjì láti kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀. Ẹ gba àṣẹ ìkọ́lé kí ẹ tó fi okùn wọn ìpìlẹ̀, nítorí ìwé ilẹ̀ lọ́tọ̀, àṣẹ láti kọ́lé lọ́tọ̀.

Ní ti ayálégbé, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà fún ọmọ ìlú yín. Pàápàá fún ọmọ ìlú yín. Bí kò bá sí àdéhùn, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà lẹ gbọ́dọ̀ fún un kí ó tó kúrò, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kí ẹ tó dé kóòtù. Mo ní àbúrò kan láti Ìrágbìjí tó gbé yàrá mi ní ọdún kan àti oṣù méjì láìsan kọ́bọ̀, tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé.

Fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ 2.5% nínú owó oṣù rẹ̀ sí National Housing Fund, àpò owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbé síbẹ̀ lásán. Federal Mortgage Bank máa ń yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó ilé, èlé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 6%, ó sì rọrùn ju ti báńkì ọjà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ gidi ni wọ́n máa béèrè. Bí ìyẹn ò bá sí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ má yá owó oṣù mẹ́ta ra ilẹ̀.

Nítorí pé ilẹ̀ kò ṣeé fà ya bí aṣọ. Lọ́dún 2019, ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ kàwé lókè òkun. Mo gbé ilẹ̀ kékeré kan tí mo ní ní Bwari síta. Ó gbà mí ní oṣù 11. Gbogbo ẹni tó wá wò ó ló mọ̀ lójú mi pé owó ń jó mi, iye tí mo sì tà á níkẹyìn kò tó ohun tí aládùúgbò mi fi ta tirẹ̀ ní àkókò tí kò wá owó. Ọmọ náà ti pẹ́ ọdún kan kó tó lọ.

Gbogbo rìsíìtì mi, ti ground rent, ti AGIS, ti lọ́yà, inú agolo bisikíìtì kan ni wọ́n wà. Àkọ́bí mi mọ ibi tó wà, orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti wà nínú ìwé ìhágún mi lọ́dọ̀ lọ́yà. Lẹ́yìn ilé Kubwa, ní ẹ̀gbẹ́ bíkìn tó wà ní igun apá òsì, pèrègún kan wà níbẹ̀ tí mo gbìn. Nígbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ padà wá lọ́dún tó kọjá, ó bi mí pé ṣé kí òun gé e. Mo ní kó yà á sílẹ̀ kó máa wọn tirẹ̀ lọ.